Ọmọ tó ní Down syndrome fẹ́ wọ jẹ́lé-ó-sinmi wa: ṣé kí a gbà á?

Ìbéèrè: Mo ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan ní Abẹ́òkúta, a sì ń gba àwọn ọmọ ọwọ́ náà fún ìtọ́jú. Ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ní Down syndrome, ìyẹn ipò kan tí wọ́n bí mọ́ ọn tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sísọ àti ẹ̀kọ́ kíkọ́ pẹ́ lára ọmọ. Sùkúù méjì ti dá wọn padà. Ọ̀rọ̀ kò tíì já gaara lẹ́nu rẹ̀, pámpáàsì ló ṣì ń lò. Ẹ̀rù ń ba àwọn olùkọ́ mi, àwọn òbí mélòó kan sì ti gbọ́, wọ́n ní àwọn á kó ọmọ àwọn lọ. Ṣé kí n gbà á? Ṣé ilé ìwé àwọn àkàndá kò ní sàn fún un jù? Bí mo bá sì gbà á, ṣé dandan ni kí n wá ẹni tí yóò máa tọ́jú òun nìkan, ta ni yóò sì máa sanwó ẹni bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ gbà á, mà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á torí pé ìyá rẹ̀ ṣe yín láàánú. Àánú kì í pé táàmù kan kó tó tán. Ọmọ tí wọ́n fi àánú gbà ni mo sábà ń bá ní kọ̀rọ̀ kíláàsì, bísíkíìtì á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí wọn á fi wá mú un lọ sílé. Orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà, yúnífọ́ọ̀mù wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń kọ́ ọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ju kí ẹ ṣí géètì fún un lọ. Kí ọmọ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú gbogbo ohun tí kíláàsì bá ń ṣe, bó ti wù kí iṣẹ́ ọ̀hún kéré mọ. Bí wọ́n bá ń ka ẹyọ òkúta mẹ́wàá, kí òun náà máa ka méjì. Bí wọ́n bá ń kọrin, kí òun di agogo mú. Gbogbo ìmọ̀ràn mi nìyẹn, àlàyé rẹ̀ ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n sáré mẹ́nu ba òfin ná. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ka ẹ̀tanú sí àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Òfin náà ní ẹ̀tọ́ wọn ni ẹ̀kọ́, láìsí ìyàsọ́tọ̀ kankan, kó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ títí wọn á fi jáde ilé ìwé girama. Iléeṣẹ́ tó bá ṣe ẹ̀tanú sí wọn lè san mílíọ̀nù kan náírà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè san 100,000 náírà, tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura, tàbí kó gba méjèèjì pọ̀. Òfin yìí kan náà ló ní kí gbogbo ilé ìwé ìjọba ní òṣìṣẹ́ kan, ó kéré tán, tó kọ́ṣẹ́ nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ ilé ìwé ìjọba tó wà ládùúgbò yín kí ẹ ní ẹ fẹ́ rí òṣìṣẹ́ ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. N kò mú òfin wá láti fi dẹ́rù bà yín o. Ẹ máa nílò rẹ̀ nígbà tí àwọn òbí tó ń bínú wọ̀nyẹn bá dé ọ́fíìsì yín.

Àwọn olùkọ́ yín ló ṣáájú. Kí ẹ tó bá wọn sọ ohunkóhun nípa ìkọ́ni, ẹ bi wọ́n ní ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Àwọn kan á ní ó lè ràn wọ́n. Àwọn kan á ní ó lè máa na àwọn ọmọ yòókù. Tí aláboyún bá wà láàárín wọn, ó lè má sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí òun má lọ máa wojú ọmọ náà kí tòun náà má baà jọ ọ́. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé chromosome 46, ìyẹn àwọn fọ́nrán tíntìntín tó gbé àbùdá wa, ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn, méjì-méjì ni wọ́n sì pín sí. Níbi tí tiwa ti jẹ́ méjì ní ipò kọkànlélógún, mẹ́ta ni ti ọmọ yìí. Jérôme Lejeune, dókítà ará Faransé, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló fi èyí hàn aráyé ní ọdún 1959. Láti ìgbà tí oyún ti ń sọ ló ti rí bẹ́ẹ̀. Kì í ràn, kì í ṣe èpè, kò sì sí ohun tí ìyá rẹ̀ jẹ tàbí tó wò tó fà á. Lóòótọ́, bí ọjọ́ orí ìyá bá ṣe ń ga sí i ni ó ṣe ń wọ́pọ̀ sí i, síbẹ̀ àwọn ìyá tí kò tíì pé ọdún márùndínlógójì ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, nítorí pé àwọn ló ń bímọ jù. Ní ti nínà, ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò tíì lè sọ pé "fún mi" lè fi ọwọ́ já nǹkan gbà. Àwọn ọmọ ọlọ́dún méjì tó wà lọ́dọ̀ yín ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó ń sá fún wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìyá rẹ̀ kí ẹ jọ jókòó. Ẹ bi í léèrè bóyá wọ́n ti fi ẹ̀rọ yẹ ọkàn ọmọ náà wò, nítorí pé nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tó ní Down syndrome ló ń ní ìṣòro ọkàn láti inú oyún wá. Ẹ béèrè nípa ojú, àti nípa ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid. Ẹ béèrè nípa ọrùn fúnra rẹ̀ náà: iṣan tó so eegun òkè ọrùn pọ̀ máa ń dẹ̀ lára àwọn kan nínú wọn, nítorí náà kó má ṣe tàkìtì, kí ẹnikẹ́ni má sì fà á lórí nínú eré, títí dókítà yóò fi sọ pé kò séwu. Bí ìrìn rẹ̀ bá ṣàdéédé yí padà, tàbí tí ọrùn ń dùn ún, tàbí tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára lẹ́yìn tó ti jáwọ́, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Etí ló yẹ kí a dúró lé lórí jù. Ihò etí wọn kéré, ọ̀nà tó wà nínú rẹ̀ sì há, omi kíki a máa dúró sẹ́yìn ìlù etí láìsí ìrora, láìsí ọyún tí ẹnikẹ́ni lè fojú rí. Bí omi ọ̀hún bá ti pọ̀ tó ni kò ní gbọ́ràn tó. Ọmọ náà á dáhùn lọ́jọ́ Ajé, á dákẹ́ lọ́jọ́bọ̀, àǹtí rẹ̀ á sì ní olórí kunkun ni. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n kọ "kò mọ nǹkan kan" sí ìwé èsì wọn, tó jẹ́ pé wọn kò gbọ́ ni. Kí ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá, FMC Ìdí-Àba kò kúkú jìnnà sí yín, kí wọ́n sì máa tún un yẹ̀ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ní ti yín, ẹ fi í sí iwájú, kí olùkọ́ máa kọjú sí i kó tó sọ̀rọ̀, kí àga rẹ̀ má sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí jẹnẹrétọ̀ ti ń dún.

Ìkọ́ni wá ńkọ́? Ọ̀nà tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi wa ni "ẹ wí tẹ̀lé mi": olùkọ́ á pè é, gbogbo kíláàsì á hó o padà. Ọ̀nà yìí gan-an ló le jù fún ọmọ tó ní Down syndrome, nítorí pé ohun tó bá gbọ́ kì í pẹ́ lọ lórí rẹ̀, ohun tó bá rí ló máa ń dúró. Ẹ mú ọsàn gidi wá, kó dì í mú kí ẹ tó pe orúkọ rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe omi, oúnjẹ, ó tó, mo fẹ́ sí i. Kí gbogbo kíláàsì kọ́ ọ pọ̀, kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan, wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá. Àpèjúwe ọwọ́ kì í dí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́nà. Afárá tó máa ń gbé e débẹ̀ ni. Ẹ ya fọ́tò ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀, àbúrò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ wọn gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń dá ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ mọ̀ kí ẹnu wọn tó lè pè é, ìwé kíkà náà sì tún máa ń fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu wọn. Ẹ má dúró dìgbà tó bá sọ̀rọ̀ dáadáa kí ẹ tó fi ìwé hàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa fi bá a sọ̀rọ̀ nílé kí èdè méjì má baà dà á láàmú. Ìmọ̀ràn yìí gbilẹ̀ láàárín àwọn onísùkúù, kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó ti ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ tó ní Down syndrome nínú ilé elédè méjì kò rí i pé èdè kejì fà wọ́n sẹ́yìn. Ọmọ tí ìyá àgbà rẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ wá gba Yorùbá lẹ́nu rẹ̀, ta ni yóò máa bá sọ̀rọ̀ nílé?

Ó wá kan ẹni tí yóò máa tọ́jú òun nìkan. Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, nítorí pé oore tí a rò pé à ń ṣe ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. A á gba ọ̀dọ́mọbìnrin kan, a á ní ìwọ lo ni ọmọ yìí. Ọmọ fẹ́ bọ́ bàtà, àǹtí ti bọ́ ọ. Ó fẹ́ mu omi, àǹtí ti gbé ife sí i lẹ́nu. Àsìkò àwòrán yíyà dé, ọwọ́ àǹtí ló ya á, orúkọ ọmọ la kọ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù ò ní súnmọ́ ọn mọ́, nítorí pé àgbàlagbà kan ti jókòó tì í. Olùkọ́ kíláàsì fúnra rẹ̀ á yọwọ́. Bí ọmọ náà bá ké, ojú àǹtí ló máa wò. Lópin ọdún, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni àǹtí.

Bí agbára yín bá gbé e, ẹ gba ọwọ́ kejì fún kíláàsì, ẹ má gbà á fún ọmọ. Olùkọ́ kíláàsì ló ni gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀, òun ni yóò pinnu ohun tí ọmọ yìí máa ṣe láàárọ̀ ọ̀la. Ẹni kejì á máa mójú tó àwọn yòókù kí olùkọ́ lè jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó wá di ìgbà mìíràn. Nígbà tó bá pọn dandan kí ẹni kejì ràn án lọ́wọ́, kó ṣe apá kan kó sì fi èyí tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ fún ọmọ. Bọ́tìnnì mẹ́rin ló wà lára ṣẹ́ẹ̀tì: kó bá a de mẹ́ta, kó jẹ́ kó jà pẹ̀lú ìkẹrin. Tó bá ti mọ ìyẹn, kó bá a de méjì. Iṣan ara àwọn ọmọ wọ̀nyí rọ̀, ọwọ́ wọn sì máa ń pẹ́ kó tó dé ibi tó ń lọ. Kó ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú ara rẹ̀ kó tó na ọwọ́ sí i. Èmi a máa wo ọwọ́ àgbàlagbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ bí mo bá wọ kíláàsì. Tí ọwọ́ yẹn kò bá sinmi, mo mọ̀ pé ọmọ náà kò kọ́ nǹkan púpọ̀.

Ti pámpáàsì kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ dá ọmọ padà. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa kọ àsìkò tó ń tọ̀ àti tó ń yàgbẹ́ sílẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ní àkókò. Ẹ gbé e sórí póò ní àwọn àkókò yẹn, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú páálí àwòrán kan náà tí ìyá rẹ̀ ń lò nílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ń gan, ẹ sọ fún ìyá rẹ̀, nítorí pé àìrígbẹ́yà wọ́pọ̀ lára wọn, ọmọ tí ìgbẹ́ ń dùn yóò sì kórìíra póò.

Ẹ máa rí ọjọ́ tí yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ẹ̀bẹ̀ kò ní gbé e dìde. Ó sábà máa ń jẹ́ pé kò mọ ohun tó kàn ni, tàbí pé wọ́n ṣàdéédé já a kúrò nídìí ohun tó dùn mọ́ ọn. Ẹ fi àwòrán ohun tó kàn hàn án ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú, ẹ fún un ní nǹkan kan gbé lọ síbẹ̀. Pàṣán kò ní kọ́ ọ ní nǹkan kan ju kó máa sá fún àǹtí lọ. Sísá náà sì ni ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù: àwọn kan nínú wọn máa ń rìn jáde láìwẹ̀yìn. Ẹ tún géètì yín ṣe kó tó wọlé. Gbogbo ọmọ yòókù ló máa jàǹfààní rẹ̀.

Àwọn ọmọ kíláàsì kì í sábà fìyà jẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ orí yìí. Kíkẹ́ ni wọ́n máa ń kẹ́ ẹ jù. Àwọn ọmọbìnrin á sọ ọ́ di ọmọláńgidi, wọ́n á gbé e, wọ́n á nu imú rẹ̀, wọ́n á máa dá a lóhùn fún olùkọ́. Ẹ rọra dá wọn lẹ́kun. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni; kó dúró lórí ìlà, kó gba abọ́ rẹ̀ padà sí ibi ìfọbọ́, kó tọrọ gáfárà bó bá ti ẹlòmíràn ṣubú.

Ní ti àwọn òbí tó fẹ́ kó ọmọ wọn lọ, ẹ má pe ìpàdé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ nítorí ọmọ kan. Ìpàdé bẹ́ẹ̀ á sọ ọ́ di ohun tí wọ́n á dìbò lé lórí, kò sì sí ẹni tó dìbò lórí ọmọ tiwọn. Ohun tó ń ṣe ọmọ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn òbí rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ láìgba àṣẹ lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá wá bá yín, ẹ fún un lálàáfíà, kí ẹ ní: "A kì í bá òbí kan sọ̀rọ̀ ọmọ òbí mìíràn. Ọmọ tiyín ńkọ́, kí ni ẹ rí lára rẹ̀ tó kọ yín lóminú?" Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò ní rí nǹkan kan tọ́ka sí. Bó bá takú pé kí ẹ lé ọmọ náà, ìgbà yẹn ni kí ẹ fi òfin 2019 hàn án. Bó bá sì kó ọmọ rẹ̀ lọ, kó máa kó o lọ. Mo mọ̀ pé owó ilé ìwé ọmọ kan kì í ṣe nǹkan kékeré fún sùkúù tí kò tóbi, ṣùgbọ́n òbí tó bá pàṣẹ fún yín lórí èyí yóò pàṣẹ fún yín lórí òmíràn.

Ẹ béèrè bóyá ilé ìwé àwọn àkàndá kò ní sàn jù. N kò sí lára àwọn tó ń sọ pé kí a ti gbogbo wọn pa. Ní ọdún 1994, ní Salamanca ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, aṣojú ìjọba 92 fẹnu kò pé ilé ìwé tí gbogbo ọmọ ń lọ ló yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ wo ọmọ adití. Tí a bá fi òun nìkan sáàárín àwọn tó ń gbọ́ràn, tí olùkọ́ àti ẹlẹgbẹ́ kò mọ èdè ọwọ́, a ti fi í sí àhámọ́ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn ni. Nígbà tí Andrew Foster, adití ará Amẹ́ríkà, dá ilé ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, èdè ló fún àwọn ọmọ yẹn, àti ẹgbẹ́ tí wọ́n lè fi èdè náà bá sọ̀rọ̀. Ti ọmọ tiyín yàtọ̀. Àwọn ọmọ tó ń sọ̀rọ̀, tó ń sáré, tó ń ṣeré ìdáná-ìsebẹ̀ ló nílò láti máa wò kó sì máa fara wé, nítorí pé wíwò àti fífarawé wà lára ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Inú kíláàsì yín ni wọ́n wà.

Owó wá ńkọ́? Iye tí àwọn yòókù ń san ni kí wọ́n san. Ẹ má sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ohun kan bá wà tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, bíi pámpáàsì, kí òbí rẹ̀ máa gbé e wá. Owó ẹni kejì tó wà ní kíláàsì, gbogbo ọmọ ló ń jàǹfààní rẹ̀, ẹ fi í sínú owó tí ẹ fi ń ṣètò sùkúù. Mo mọ̀ pé ìjọba kò fún irú ilé ìwé yín ní kọ́bọ̀, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá tún fẹ́ gba olùkọ́, ẹ wá ẹni tó jáde ní Federal College of Education (Special) ní Ọ̀yọ́, tí ìjọba àpapọ̀ ti dá sílẹ̀ láti 1977. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣe iṣẹ́ tí kò bá ohun tí wọ́n kọ́ mu, owó oṣù wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti olùkọ́ mìíràn lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kó máa lo wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ kó sì lọ sílé nígbà tí inú rẹ̀ ṣì ń dùn. Kí ẹ̀yin àti ìyá rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó máa gbà á láti ìsinsìnyí, kí ó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ kọ gbogbo ohun tó lè dá ṣe sílẹ̀ sínú ìwé kan bí ẹ ṣe ń rí i, pẹ̀lú ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é. Ìwé yẹn ni kí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ gbé síwájú ọ̀gá ilé ìwé tuntun, kó tó mú ìwé dókítà jáde.